Ìkòkò Tí A Kì Í Dá Gbé Karí

Ẹ fà súnmọ́ abẹ́ ìbòòji yìí díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọdẹ adìyẹ. Ẹfọ̀n kan gbọ́ orúkọ mi rí, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó ṣí lọ sí ìlú míràn. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jínmi ará Òkè-Amọ̀, ọkùnrin tí ó mọ ìbọn yìn ju gbogbo wa lọ, tí ó sì sunkún ju gbogbo wa lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi gbọ̀n níbì kan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bi mí ní ìdí.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ìsun Ọ̀tútù tí gbogbo Òkè-Amọ̀ ń mu gbẹ. Ó kọ́kọ́ dín kù, ó di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìdílé kan ní ọ̀dọ̀ àna àwọn ni àwọn ń lọ, òmíràn ní ibi tí ojú bá gbé àwọn dé. Baálẹ̀ wá pe ìlú jọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, bí a bá tú ká báyìí, a kò ní í kó jọ mọ́ láéláé. Ọmọ yín yóò dé ìlú onílùú, yóò gbàgbé bí a ti ń kí ara wa níhìn-ín." Ó ní àwọn bàbá àwọn sọ fún àwọn pé inú ìkòkò ni wọ́n ti gbé omi Ọ̀tútù wá láti Ìlú Oníkálukú, tó wà lẹ́yìn igbó iwin, àti pé bí ó bá gbẹ, kí ènìyàn mẹ́ta lọ gbé òmíràn wá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí rẹ̀. Bí oṣù tuntun bá lé tí àwọn mẹ́ta náà kò tíì dé, kí oníkálukú bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n mú Ọdẹ́jínmi nítorí ìbọn rẹ̀. Wọ́n mú Ìyá Àwẹ̀ró, amọ̀kòkò tí irun orí rẹ̀ ti funfun, nítorí òun ló mọ ohun tó ń jẹ́ ìkòkò. Ẹnì kẹta ni Ládòkun, àgbẹ̀, ọ̀rẹ́ Ọdẹ́jínmi láti kékeré. Ẹ ó bi mí pé kí ni wọ́n mú Ládòkun fún. Kò mọ ìbọn yìn, kò mọ ìkòkò mọ, ó sì máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àáró tí ó ń dùn ní Òkè-Amọ̀ bí kò bá sí Ládòkun níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ mọ àáró? Gbogbo ẹgbẹ́ á kó ara wọn jọ, wọn á ro oko tèmi lónìí, wọn á ro tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Oko ti Ládòkun ni ó máa ń ní kí wọ́n fi kẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, a bínú, a ní, "Ṣé ìwọ ni wọn yóò máa fi kẹ́yìn títí ayé?" Ládòkun a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ṣebí wọn yóò wá ni." Wọ́n sì máa ń wá.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, Àyọ̀ká sìn wọ́n dé ẹnu odi. Ó fa Ọdẹ́jínmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ọkọ mi kò mọ igbó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi bojú wẹ̀yìn."

Ọdẹ́jínmi fọwọ́ sọ̀yà. "Àyọ̀ká, ọwọ́ mi ni ọkọ rẹ wà. Lọ sùn."

Igbó Àìdáhùn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Iwin kan jókòó dábùú ọ̀nà níbẹ̀, etí rẹ̀ kan tó agbọ̀n ìkórè, èkejì ni ó tẹ́ sílẹ̀ tí ó jókòó lé. Ẹlẹ́tí-Agbọ̀n ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá òun lóhùn ìbéèrè kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò ká wọn sínú etí òun, wọn yóò sì máa gbọ́ ariwo ayé títí tí wọn yóò fi kú. Ó ní, "Òkúta mẹ́ta ni ààrò. Èwo nínú wọn ni ó ń se ọbẹ̀?"

Ọdẹ́jínmi kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. "Èyí tó tóbi jù ni!" Etí iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó ti dé ọrùn wọn kí Ládòkun tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó kí iwin náà kú ìjókòó, tí ó kí i kú ọ̀pọ̀ èrò, tí ó sì ní, "Bàbá, ẹ yọ èyí tó bá wù yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wá wo ibi tí ọbẹ̀ yóò wà." Ẹlẹ́tí-Agbọ̀n rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já bọ́ lórí igi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, kò sí ẹni tó kí òun rí. Ó sún etí rẹ̀ kúrò lọ́nà, wọ́n kọjá.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n dé ibi tí ihò kan ti ń mí. Bí ó bá mí sínú, igi á fà tu, òkúta á yí wọnú rẹ̀. Ọdẹ́jínmi yìnbọn sí i, ihò náà gbé ọta mì, ó sì gùfẹ̀. Ìbọn ọ̀gá mi nìyẹn o, ìbọn tí erin ń gbọ́ tí ń gbààwẹ̀! Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ihò, ọ̀rọ̀ amọ̀ ni." Ó wa amọ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi tí òun yóò fi pò ó. Ẹ rántí pé ọ̀dá ni wọ́n ń sá fún. Ọdẹ́jínmi di kèǹgbè rẹ̀ mú. Ládòkun tú omi tirẹ̀ dànù sórí amọ̀ láìwẹ̀yìn, ó sì bọ́ sínú rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin. Nígbà tí ihò náà mí jáde tí ó fẹ́ tún mí sínú, Ìyá Àwẹ̀ró ti fi amọ̀ dí i lẹ́nu. Láti ibẹ̀ lọ, nínú kèǹgbè Ọdẹ́jínmi ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti ń mu omi, Ládòkun a kàn fi tọ́ ètè ni.

N kò ní í fi ti ọ̀gá mi pamọ́. Ó pa ejò olórí mẹ́fà ní ọjọ́ kejì, ìbọn kan ṣoṣo ni, orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi gan-an ti pa olórí méjì rí, ẹnikẹ́ni tó bá ní irọ́ ni, kí ó wá sọ ọ́ lójú mi. Ó yẹ kí wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yìn ín ni kò dára.

Ìlú Ajẹyìn ni wọ́n dé. Àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ iyán, wọn kì í jẹ ẹ̀kọ, ìyìn ni oúnjẹ wọn. Àga kan wà láàrin ọjà wọn. Bí àlejò bá wọlé, wọn yóò bèèrè ẹni tó ni ìrìn-àjò, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń yìn, nítorí àga kan ni wọ́n ní. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta, ta ni ó ni ìrìn yìí?" Ìyá Àwẹ̀ró la ẹnu láti sọ pé ìlú ló ni ín. Ọdẹ́jínmi ti jókòó sórí àga.

"Àwọn méjì yìí ńkọ́?"

Ó ní, "Wọ́n kàn ń bá mi rìn ni."

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Àga náà ń ga sókè bí wọ́n ti ń kí i, ó ga ju òrùlé lọ, Ọdẹ́jínmi wà lókè, ó ń mi ẹsẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, fìlà rẹ̀ kò gba orí rẹ̀ mọ́. Ládòkun wo fìlà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí a wá agbọ̀n dé ọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọdẹ́jínmi dé egungun. Ó ń rò ó pé bí àwọn bá gbé omi délé, ènìyàn mẹ́ta ni wọn yóò máa kí. Wọn yóò máa dá orúkọ olóko tí kò mọ ìbọn yìn pọ̀ mọ́ orúkọ òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ládòkun wọ igbẹ́ lọ wá iṣu fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyá Àwẹ̀ró ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ọdẹ́jínmi gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gba ẹ̀yìn ìlú jáde.

Kò tíì rìn jìnnà tí Onígbaeyín fi yọ sí i. Ẹranko yìí ga tó àká àgbàdo, eyín rẹ̀ kún ẹnu, ó kún ọ̀fun, ó yọ sí ìdí etí. Ọdẹ́jínmi yìnbọn fún un. Ó bà á ní ìhà, ẹranko náà ké, ó gbé ọgbẹ́ wọgbó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òfin ọdẹ kan wà, kò sí ọdẹ tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹran bá gbé ọgbẹ́ lọ, ìwọ ọdẹ yóò tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí tí ìwọ yóò fi pa á, nítorí ẹran tó gbọgbẹ́ burú ju ẹran tó wà ní àlàáfíà lọ. Bí o kò bá lè tọ̀ ọ́, o gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ewé tútù dábùú ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i, kí ó yà. Ọ̀tá ẹni gan-an, à ń ṣẹ́ ewé náà fún un. Ọdẹ́jínmi na ọwọ́ sí ẹ̀ka igi kan. Ó ti di í mú. Ó wá rò ó pé bí òun bá fi ewé yìí lélẹ̀, àwọn méjèèjì yóò mọ̀ pé ibí ni òun gbà, wọn yóò sì bá òun. Ó jọ̀wọ́ ẹ̀ka náà, ó sì ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé Ìlú Oníkálukú. Ìlú yìí dákẹ́. Ilé pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan kò kọjú sí èkejì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá gbé inú tirẹ̀. Ní iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ìkòkò ńlá kan wà tí omi kún dé ẹnu. Iwin olójú kan tó ń ṣọ́ orísun fún Ọdẹ́jínmi ní ìkòkò tirẹ̀ láìjanpata. Ó ní, "Gbé e. Kò ní owó, kò ní ẹbọ. Orí nìkan ni kí o fi rù ú, bí ó bá kan èjìká tàbí itan, yóò fọ́. Má sì ṣe dà nínú rẹ̀, nítorí ìkòkò tí kò kún kì í jí ìsun." Ọdẹ́jínmi dúpẹ́. Ó ká òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìkòkò mú.

Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin mọ̀. Ìkòkò tó bá kún, bí ó ti wù kí ọrùn ẹni le tó, ẹnì kan ní láti bá ni gbé e rù. Ọdẹ́jínmi gbìyànjú títí iṣan fi yọ lọ́rùn rẹ̀. Ó wa kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó rọra fà á sórí, ó bọ́ sí i! Ṣùgbọ́n kò lè jáde kúrò nínú kòtò. Ó dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ó tún rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá onírùngbọ̀n kan ń wò ó láti ẹnu ilé rẹ̀. Ọdẹ́jínmi tọ̀ ọ́ lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù."

Bàbá náà fi ọwọ́ hàn án. "Wo tèmi níbẹ̀ yẹn. Bí mo bá gbé e rù ọ́, ìwọ yóò lọ. Ta ni yóò wá gbé e rù mí? Ó dára, kọ́kọ́ gbé tèmi rù mí, kí n máa lọ."

Ọdẹ́jínmi wò ó. "Bí ẹ bá lọ, ta ni yóò gbé e rù èmi?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Káàbọ̀. O ti di ará ìlú."

Nígbà náà ni ó mọ irú ìlú tí òun wà. Gbogbo wọn ni ìlú wọn rán wá omi. Gbogbo wọn ni wọ́n fi àwọn tí wọ́n jọ jáde sílẹ̀ lọ́nà. Ọdẹ́jínmi kò kọ́kọ́ gbà. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó pè wọ́n jọ, ó ní ní ìlú àwọn, àáró ni àwọn ń ṣe, kí àwọn ṣe é ní àáró. Wọ́n ní àáró dára púpọ̀. Wọ́n ní, "Ta ni yóò kẹ́yìn?" Nílé, ẹni tó kẹ́yìn kì í bẹ̀rù, nítorí àwọn tó bá ro oko yóò padà wá sí tirẹ̀. Níhìn-ín, ẹni tí wọ́n bá gbé e rù ń lọ pátápátá. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ìkòkò náà. Ẹ̀rù bà á láti kẹ́yìn, ẹ̀rù sì ba gbogbo wọn, wọ́n tú ká, wọ́n padà sílé wọn. Ó jókòó ti omi tí ìlú rẹ̀ ń kú fún, ó ń wo oṣù bí ó ti ń dín kù lójú ọ̀run.

Ìyá Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ rí, tí ó ń tiro bọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó wá wo ẹ̀yìn ìyá náà. Kò rí ẹnì kejì.

"Ìyá, Ládòkun ńkọ́?"

Ìyá Àwẹ̀ró jókòó sórí òkúta kan. Ó ní, "Ọdẹ́jínmi, o kò fi ewé sílẹ̀."

Ọdẹ́jínmi kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Òun ló ń ṣáájú. Mo ní kí a rọra, ìgbẹ́ yẹn kò dákẹ́ dáadáa. Ó ní, 'Ìyá, ẹ má fòyà, Ọdẹ́jínmi wà níwájú wa. Bí ewu bá wà, ì bá ti fi ewé lélẹ̀ fún wa.' Kò tíì pa ẹnu dé tí ohun náà fi dìde." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Iṣu tí ó wá fún ọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn, gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ọdẹ́jínmi fi orí gbá ilẹ̀, ó ké bí ẹran. Ìyá Àwẹ̀ró jẹ́ kí ó ké tó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, "Omi ni wọ́n rán wa. Ó yá." Ọdẹ́jínmi lọ sí ìdí ìkòkò rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ìwọ kọ́. Èmi kò ní ìkòkò níhìn-ín, kò sí ohun tí mo ń sáré fún. Pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí jáde." Ó gbé e ru bàbá onírùngbọ̀n, bàbá náà sì ń sunkún bí ó ti ń lọ, nítorí kò mọ̀ bóyá ìlú rẹ̀ ṣì wà. Ó gbé e rù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọdẹ́jínmi ń bá a dì í mú ní ìhà kejì. Ọdẹ́jínmi ni ó kẹ́yìn. Ilé gbogbo ṣófo kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Ládòkun wà, Ọdẹ́jínmi ní kí ìyá bá òun sọ ìkòkò kalẹ̀. Wọ́n sin ohun tó kù. Ó wá tọ ẹ̀jẹ̀ Onígbaeyín bí ó ti yẹ kí ó ti tọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì pa á. Kò rí ìtura kankan nínú rẹ̀. Ìyá gbé e rù ú, wọ́n ń lọ.

Òkú oṣù ni wọ́n wọ Òkè-Amọ̀. Àwọn kan ti gbé ẹrù karí, wọ́n ti dé ẹnu odi. Ọdẹ́jínmi da omi náà sí ojú ìsun, Ọ̀tútù rú, ó sì ń ṣàn. Ariwo sọ! Wọ́n tú ẹrù, wọ́n ń jó, wọ́n fẹ́ gbé e sọ́rùn. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Àyọ̀ká ti ń la àárín èrò bọ̀, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Bàbá ọdẹ, níbo ni ẹ fi ọkọ mi sí?" Níwájú gbogbo ìlú, Ọdẹ́jínmi sọ ọ̀rọ̀ ewé náà fún un, kò yọ ohunkóhun kúrò. Ìyá Àwẹ̀ró ì bá bò ó, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó bò ó. Àyọ̀ká kò bú u. Ó yí padà, ó lọ sílé.

Ọdẹ́jínmi kò wọ igbó mọ́. Ó fi ìbọn kọ́ ògiri, ó kọ́ àtíbàbà sí etí Ọ̀tútù, iṣẹ́ tó sì ń ṣe títí ó fi kú ni kí ó máa gbé ìkòkò ru àwọn tó wá pọnmi. Kì í gba ọpẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń lọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, láàrin ìkòkò kan sí òmíràn. Àyọ̀ká náà ń wá pọnmi. Bí ìkòkò rẹ̀ bá kún, Ọdẹ́jínmi a na ọwọ́ méjèèjì. Àyọ̀ká a jókòó ti ìkòkò, a máa wo ojú ọ̀nà, títí obìnrin míràn yóò fi dé, èyí ni yóò sì gbé e rù ú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú. Kò sí ẹlòmíràn ní odò. Ọdẹ́jínmi na ọwọ́, ó ní, "Àyọ̀ká, jọ̀ọ́." Àyọ̀ká wo ọ̀run, ó wo ojú ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan. Ó tẹ ìkòkò rẹ̀, ó ń da omi inú rẹ̀ padà sódò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fúyẹ́ tó ohun tí òun nìkan lè gbé. Ó gbé ààbọ̀ ìkòkò náà karí fúnra rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ọdẹ́jínmi sọ fún mi pé òjò ti ń rọ̀ kí òun tó rántí pé ọwọ́ òun ṣì wà ní nínà.